Orí Keje: Ìdúró Ọjọ́ Kan ní Ìlú Olódi: Bí A Ṣe Ń Ṣètò Rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀

Ohun tí a fẹ́ kọ́

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:

(a) sọ ohun tí ìdúró ọjọ́ kan, àkókò lílò, àkókò àfipamọ́, odi àti yàrà jẹ́;
(b) ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín odi òkúta àwọn ìlú èbúté Karibíà àti odi iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá;
(d) ṣírò àkókò àbẹ̀wò láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀;
(e) to ibi àbẹ̀wò mẹ́rin sínú wákàtí 4 ní Ilé-Ifẹ̀;
(ẹ) sọ bí àlejò ṣe yẹ kó hùwà ní ààfin, ní mùsíọ́mù àti ní ojúbọ.

7.1 Kí ni ìdúró ọjọ́ kan?

Ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń gbé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ káàkiri òkun Karibíà kì í pẹ́ ní èbúté kan. Ó sábà máa ń gúnlẹ̀ ní àárọ̀, a sì ṣíkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Láàárín wákàtí bíi 8 ni àwọn èrò rẹ̀ yóò sọ̀kalẹ̀, tí wọn yóò rìn yí ìlú ká, tí wọn yóò jẹun, tí wọn yóò sì padà wọkọ̀. Ìdúró ọjọ́ kan ni àbẹ̀wò sí ìlú kan tí àlejò kò ní sùn níbẹ̀, tí wákàtí ìpadà rẹ̀ sì ti di mímọ̀ kó tó dé. Ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tó bá pẹ́.

Àwọn ìlú èbúté olódi wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ fún irú ìdúró báyìí. San Juan ní Puerto Rico, Havana ní Kúbà àti Cartagena ní Kòlóńbíà wà lára wọn. Àwọn ará Spéìn ló fi òkúta mọ odi yí wọn ká láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún lọ, nítorí àwọn olè orí òkun àti àwọn ọba Yúróòpù mìíràn tí ojú wọn wà lára wúrà àti fàdákà tó ń gba ibẹ̀ kọjá. UNESCO fi Havana àtijọ́ àti odi rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 1982, ó fi ti San Juan sí i ní 1983, ó sì fi ti Cartagena sí i ní 1984.

Ìtàn àwọn ìlú náà kò jìnnà sí tiwa. Cartagena jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èbúté tí wọ́n ti ta ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Áfíríkà lẹ́rú. Ní Kúbà, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Lukumí ló gbé ìsìn òrìṣà débẹ̀, ìsìn náà kò sì kú títí dòní. Ní Regla, tó wà ní òdìkejì omi èbúté Havana, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ̀ pé Yemọja ni àwọn ń kí nígbà tí wọ́n bá wọ ilé ìjọsìn Màríà tó wà níbẹ̀. Èyí wà lára ohun tó ń mú àwọn ará Kúbà, Brazil àti Trinidad wá sí Ilé-Ifẹ̀.

Ilé-Ifẹ̀ kò sí létí òkun. Ṣùgbọ́n ìlú àtijọ́ ni, ìlú olódi ni, ọ̀pọ̀ àlejò rẹ̀ ni kì í sì í sùn níbẹ̀. Ìbàdàn, Òṣogbo, Àkúrẹ́ tàbí Èkó ni wọ́n ti ń wá, wọ́n á sì padà lọ́jọ́ kan náà. Bọ́ọ̀sì ló dúró fún ọkọ̀ ojú omi níbí, ìlànà ìṣètò tí wọ́n ń lò ní èbúté Karibíà sì bá a mu rẹ́gí.

7.2 Odi tí ojú ń rí àti odi tí a ní láti fi hàn

Odi ni ohun tí àwọn ará ìlú mọ yí ìlú wọn ká kí ọ̀tá má baà ráyè wọlé, kí oníbodè sì lè mọ ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Yàrà ni kòtò gígùn tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀yìn odi. Ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ kan náà ló bí méjèèjì: iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bá kó jáde nínú yàrà ni wọ́n ń wọ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ inú, òun ni wọ́n sì fi ń mọ odi. Bí yàrà bá ṣe ń jìn ni odi ń ga. Ẹni tó bá já sínú yàrà ní láti gun gíga méjèèjì pọ̀ kó tó rí inú ìlú.

Ní San Juan, àlejò á ti máa wo ilé odi El Morro, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1539, láti orí ọkọ̀ kó tó gúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó nílò àmọ̀nà kó tó mọ̀ pé odi ni. Ti Ilé-Ifẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ ni. Òjò ti ń wẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, igi ti hù lórí rẹ̀, títì ti gé e sí méjì, àwọn ènìyàn sì ti kọ́lé sórí ibòmíràn. Bọ́ọ̀sì lè gbé àlejò gba ojú odi Ifẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé ó mọ̀ pé òun ti wọ ìlú olódi.

Síbẹ̀, odi náà kì í ṣe ohun kékeré. Kì í ṣe ẹyọ kan, ìpele ìpele ni, ọ̀kan nínú ọ̀kan. Awalẹ̀pìtàn Paul Ozanne wọn àwọn ìpele náà, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1969. Wọn kì í ṣe ti ìgbà kan náà. Àwọn kan ti pẹ́ gan-an. Àwọn mìíràn jẹ́ ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan, tí àwọn ará Ifẹ̀ pàápàá fi ìlú sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nítorí ogun àwọn àti Modákẹ́kẹ́ tó múlé tì wọ́n. Ìjà tún bẹ́ láàárín ìlú méjèèjì láti 1997 sí 2000, nítorí náà ó yẹ kí àmọ̀nà ṣọ́ ẹnu rẹ̀ nígbà tó bá dé ibi ìtàn yìí: kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ó má gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ ìlú méjèèjì lè wà nínú bọ́ọ̀sì kan náà.

Ọ̀kan lára àwọn odi irú èyí tó tóbi jù ní agbègbè wa ni Ẹrẹ́dò Sùngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. Láti 2015 ni àwọn awalẹ̀pìtàn Gérard Chouin àti Adìsá Ògúnfọ́lákàn ti ń darí ìwádìí kan tó so Ifẹ̀ àti Sùngbọ́ pọ̀, tó ń yẹ odi àwọn ìlú wọ̀nyí wò àti ilẹ̀ àpáàdì tó wà ní Ìta Yemòó (wo 7.4).

Kí ni olùṣètò yóò ṣe pẹ̀lú odi tí kò fi ara rẹ̀ hàn? Kí ó yan ibi kan ṣoṣo tí odi àti yàrà ṣì wà dáadáa, kí ó mú àlejò sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀, kí ó ní kí ó dúró nínú yàrà kó wòkè. Ìṣẹ́jú 10 níbẹ̀ ju àlàyé wákàtí kan nínú bọ́ọ̀sì lọ. Kí ó tún ní àwòrán ìlú tí a ya odi sí lọ́wọ́, kí àlejò lè rí i pé ọ̀nà Ìrẹ̀mọ, Ìlárẹ́, Ìlódè, Mọ̀ọ̀rẹ̀ àti Òkèrèwè ló pàdé ní àárín, níbi tí ààfin wà.

7.3 Ìṣirò àkókò láti ẹ̀yìn

Ọ̀pọ̀ ètò àbẹ̀wò ló ń bàjẹ́ nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ ni olùṣètò ti bẹ̀rẹ̀: ó ka ibi tó fẹ́ dé sílẹ̀, ó sì ń retí pé ọjọ́ yóò gbà á. Wákàtí ìpadà ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀.

Àkókò ìdúró ni gbogbo wákàtí tó wà láàárín ìgbà tí àlejò kúrò ní ibùdó rẹ̀ àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀. Àkókò àfipamọ́ ni wákàtí tí a yọ sọ́tọ̀ fún sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, táyà tó jò, òjò tàbí àlejò tó sọnù. A kì í fi ibi àbẹ̀wò kankan sínú rẹ̀. Àkókò lílò ni èyí tó kù fún ìlú fúnra rẹ̀. Báyìí ni a ṣe ń rí i:

àkókò lílò = àkókò ìdúró – (ìrìn àlọ + ìrìn àbọ̀ + àkókò àfipamọ́)

*Àpẹẹrẹ kìíní.* Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ kúrò ní Ìbàdàn ní aago 8 àárọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti padà ní aago 4 ìrọ̀lẹ́. Àkókò ìdúró wọn jẹ́ wákàtí 8. Láti Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀, nípa Aṣéjìrẹ́, Ìkirè àti Gbọ̀ngán, ju 80 kìlómítà lọ díẹ̀. A fi wákàtí kan àbọ̀ fún àlọ, a fi wákàtí kan àbọ̀ fún àbọ̀. A fi wákàtí 1 pa mọ́. Ohun tó kù jẹ́ wákàtí 4. Wọ́n á wọ Ifẹ̀ ní aago 9:30, wọ́n á sì jáde ní aago 1:30 ọ̀sán.

Kíyè sí i pé dídúró ra dòdò Ìkirè kò sí nínú ìṣirò yìí. Bí awakọ̀ bá dúró fún un lójú ọ̀nà, tí èrò 30 sì sọ̀kalẹ̀ lọ rà á, ìṣẹ́jú 20 ti lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dúró ní Ìkirè kó kọ ọ́ sínú ètò, kó sì yọ ọ́ kúrò níbòmíràn. Èyí tó dára jù ni kí wọ́n rà á nígbà àbọ̀, tí a ti mọ iye àkókò àfipamọ́ tó ṣẹ́kù.

*Àpẹẹrẹ kejì.* Ká ní ọkọ̀ ojú omi kan gúnlẹ̀ sí Àpápá ní aago 8 àárọ̀, tí gbogbo èrò sì gbọ́dọ̀ ti padà sínú rẹ̀ ní aago 4:30 ìrọ̀lẹ́. Àkókò ìdúró jẹ́ wákàtí 8 àbọ̀. Láti Èkó sí Ilé-Ifẹ̀ ju 200 kìlómítà lọ. Ó lè gba wákàtí 4, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ bí ọkọ̀ bá há. Àlọ àti àbọ̀ ti di wákàtí 8. Ohun tó kù jẹ́ ìlàjì wákàtí, kò sì sí àkókò àfipamọ́ kankan níbẹ̀. Kò ṣeé ṣe. Olùṣètò tó bá tà á fún àlejò ti tan án jẹ. Ohun tó yẹ ní Èkó fún irú àlejò bẹ́ẹ̀ ni inú ìlú Èkó fúnra rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ Ifẹ̀ ló fẹ́ dandan, àfi kí ó sun Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Ifẹ̀ àti San Juan hàn gbangba níbí. Ní San Juan, ọkọ̀ máa ń gúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ ìlú àtijọ́, àlejò á sì fẹsẹ̀ rìn wọ inú odi. Àkókò ìdúró rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àkókò lílò tán. Ní Ifẹ̀, ojú ọ̀nà ló ń jẹ apá tó pọ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ibi àbẹ̀wò kò fi gbọ́dọ̀ pọ̀, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ súnmọ́ra.

7.4 Àwọn ibi àbẹ̀wò tó súnmọ́ra

Àárín ìlú ni a ń pe apá ìlú àtijọ́ tí ibi àbẹ̀wò púpọ̀ ti wà pọ̀, tí àlejò lè fi ẹsẹ̀ tàbí kọ́rọ́pẹ́ lọ láti ọ̀kan sí èkejì. Ní Ilé-Ifẹ̀, Ẹnuwá ni.

*Ààfin Ọọ̀ni.* Ibẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń lọ, nítorí pé àlejò tó bá wọ ìlú yẹ kó kí onílé. Ọba Adéyẹyè Ẹnitàn Ògúnwùsì, Ọ̀jájá Kejì, ló wà lórí àpèrè láti 2015. Ṣáájú rẹ̀ ni Ọba Okùnadé Ṣíjúwadé, tó jọba láti 1980 sí 2015, àti Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, tó jọba fún àádọ́ta ọdún láti 1930. Àwọn ẹmẹsẹ̀, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ ọba, ló ń mú àlejò káàkiri àgbàlá tí wọ́n bá gbà á láàyè. Rírí ọba lójúkojú kì í ṣe apá kan nínú ètò àbẹ̀wò. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé ránṣẹ́ ṣáájú, bí ààyè kò bá sì sí, kò yẹ kí ètò ọjọ́ náà wó.

*Mùsíọ́mù Ilé-Ifẹ̀.* Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, ó sì ti ń gba àlejò láti 1954. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń darí rẹ̀. Àwọn ère amọ̀ àti iṣẹ́ idẹ Ifẹ̀ ló sọ ìlú yìí di mímọ̀ fún gbogbo ayé. Ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ kọ́lé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin, ni wọ́n kan àwọn orí idẹ tó rí bí ojú ènìyàn gan-an, tí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ wà lójú àwọn kan lára wọn. Kí àmọ̀nà sọ òtítọ́ fún àlejò kí wọ́n tó wọlé: kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ Ifẹ̀ ló wà ní Ifẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn orí náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1939, àwọn mìíràn sì wà ní Èkó. Àlejò tí a bá ti sọ fún kò ní rò pé wọ́n fi nǹkan pamọ́ fún òun.

*Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn.* Òkúta gbọọrọ kan ni, tó ga tó nǹkan bí 5.5 mítà, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára ní ìlà. Ìtàn àbáláyé so ó mọ́ Ọ̀rànmíyàn, ẹni tí a gbà pé ó tẹ Ọ̀yọ́ dó, tó sì jẹ́ bàbá Ẹ̀wẹ́kà ti Ìbíní. Bí àwọn ìṣó náà ṣe rọ̀ mọ́ òkúta líle láìfọ́ ọ jẹ́ ìbéèrè tí àlejò máa ń bi àmọ̀nà, kí àmọ̀nà sì ya ohun tí ìtàn sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ìwádìí fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

*Ìta Yemòó.* Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ilé níbẹ̀ kan àwọn ère idẹ, lára wọn ni ti ọba àti olorì tí wọ́n so apá àti ẹsẹ̀ mọ́ra. Frank Willett ló wá gbẹ́ ibẹ̀ fún ìwádìí. Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún orí yìí ni ilẹ̀ àpáàdì: ilẹ̀ tí wọ́n fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́, tí wọ́n to etí wọn sókè ní ìlà tó ṣe wọ́gọwọ̀gọ, tí wọ́n sì fi òkúta wẹẹrẹ funfun ṣe ọ̀ṣọ́ sí i láàárín. Láti nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400 ni wọ́n ń tẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ifẹ̀. Ìtàn sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ rẹ̀ nítorí kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀. Nítòsí ibẹ̀ ni odi ìlú gbà kọjá, nítorí náà ibi kan ṣoṣo yìí lè fi odi, ilẹ̀ àpáàdì àti iṣẹ́ idẹ yé àlejò. Bí àkókò bá kúrú tí ibi kan ṣoṣo ló kù lẹ́yìn mùsíọ́mù, Ìta Yemòó ni kí a mú.

*Igbó Olókun.* Ibẹ̀ ni Leo Frobenius ará Jámánì dé ní 1910, tó gbẹ́ ilẹ̀, tó sì kó nǹkan jáde. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni Abídèmí Babátúndé Babalọlá tún gbẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú ìlànà ìwádìí òde òní, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó ju 12,000 lọ àti àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ló ń po gíláàsì tiwọn, láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, kí àwọn Òyìnbó tó dé etí òkun wa. Àwọn tó mọ sẹ̀gi níyì yóò fẹ́ gbọ́ èyí. Ṣùgbọ́n igbó ni ibẹ̀. Kò sí ohun púpọ̀ tí ojú yóò rí láìsí àlàyé, nítorí náà àlejò tó ní ìfẹ́ sí ìwádìí ni a ń mú lọ.

Ère Mọ́remí, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2016, rọrùn láti rí, àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn láti ya fọ́tò níbẹ̀. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó kó wá sórí ilẹ̀ rẹ̀ yìí ní 1967, ní mùsíọ́mù tirẹ̀ fún ohun àdáyébá. Méjèèjì dára fún àlejò tó ní ju wákàtí 4 lọ.

7.5 Ètò wákàtí 4

Ètò yìí bá àpẹẹrẹ kìíní mu. Ìṣẹ́jú ìrìn láti ibì kan sí ibòmíràn jẹ́ àbá. Kí olùṣètò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín, kó sì wọ̀n ọ́n kó tó kọ tirẹ̀.

9:30 – 10:15: ààfin àti gbàgede Ẹnuwá
10:20 – 11:10: mùsíọ́mù
11:20 – 11:50: Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn
12:00 – 12:40: Ìta Yemòó àti odi
12:50 – 1:30: oúnjẹ, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì gbéra

Ìdí wà tí oúnjẹ fi kẹ́yìn. Bí nǹkan bá pẹ́ ní àárọ̀, a lè ní kí wọ́n di iyán àti ẹ̀fọ́ rírò sínú ike, kí àlejò gbé e wọkọ̀. A kò lè di mùsíọ́mù sínú ike. Ibi tó gba ìyọ̀ǹda ni ààfin, ìdí nìyí tó fi ṣáájú: bí ìyọ̀ǹda bá falẹ̀, àkókò ṣì wà láti yí ètò padà. Ibi ìrọ́pò ni ibi tí olùṣètò ti yàn sílẹ̀, tó ti san owó rẹ̀ tàbí tó ti bá wọn sọ̀rọ̀, fún ìgbà tí ibi àkọ́kọ́ kò bá ṣeé ṣe. Ère Mọ́remí lè rọ́pò ààfin láìsí wàhálà.

Ohun tí ètò yìí pàdánù náà gbọ́dọ̀ yé akẹ́kọ̀ọ́: ọ̀sán gangan ló mú àlejò dé Ìta Yemòó, níbi tí oòrùn ti ń ta. Láti oṣù Kejì sí Ìkẹrin, àgbàlagbà lè máà gbà á. Fún irú wọn, kí Ìta Yemòó ṣáájú mùsíọ́mù, nítorí mùsíọ́mù ní òrùlé.

Ní ti owó, kí olùṣètò béèrè owó ìwọlé láti mùsíọ́mù fúnra rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí àbẹ̀wò yóò wáyé, kó má ṣe gbára lé iye tí wọ́n gbà lọ́dún tó kọjá. Kí ó ní owó lọ́wọ́, nítorí ẹ̀rọ POS lè máà ṣiṣẹ́ nígbà tí a nílò rẹ̀ jù.

7.6 Ìwà àlejò

Ìlú olódi ti Karibíà ti di ibi ìwòran tó pọ̀; àlejò ń gun odi rẹ̀, ó ń jókòó lórí ìbọn ńlá àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń bá a wí. Ojúbọ Ifẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣì ń bọ ibẹ̀, wọ́n ṣì ń gbàdúrà níbẹ̀, ẹni tó ń bọ ọ́ ló sì ni ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ní ààfin, a kì í na ọwọ́ sí ọba. Ọkùnrin a ṣí fìlà, a dọ̀bálẹ̀. Obìnrin a kúnlẹ̀. A sì máa ń kí i ní "Kábíyèsí". Àlejò tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, kí àmọ̀nà kọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì kó tó sọ̀kalẹ̀, kí ojú má baà tì í lójú àwọn ìjòyè. A kì í ya fọ́tò ní ààfin, nínú mùsíọ́mù tàbí ní ojúbọ láìgba àṣẹ. A kì í mú àpáàdì kan lọ fún ìrántí, bó ti wù kó kéré tó, nítorí òfin kò gbà á, àti nítorí pé ilẹ̀ tó ti wà fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kò ní àfirọ́pò.

Oríṣi àlejò méjì ni kí akẹ́kọ̀ọ́ yà sọ́tọ̀. Arìnrìn-àjò afẹ́ wá wòran, ó wá kọ́ ẹ̀kọ́, ó wá ṣeré. Arìnrìn-àjò orísun ni orúkọ tí orí yìí fún ẹni tó wá nítorí òrìṣà tàbí nítorí àwọn baba ńlá rẹ̀, bíi babaláwo láti Kúbà tàbí ìyá òrìṣà láti Brazil. Òkè Ìtasẹ̀, níbi tí tẹ́ńpìlì Ifá wà, ló máa ń jẹ́ ibi àkọ́kọ́ fún ẹni kejì yìí. Ní 2005 ni UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọgbọ́n ẹ̀dá ènìyàn tí ó yẹ kí a pa mọ́. A kò gbọ́dọ̀ fi ìṣẹ́jú 30 há irú àlejò yìí mọ́. Bí ó bá fẹ́ lo wákàtí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbẹ̀, kí olùṣètò fi í sílẹ̀, kó sì yọ àwọn ibi tó kù.

7.7 Ọdún ìbílẹ̀ àti ojú ọjọ́

Àwọn ará Ifẹ̀ máa ń sọ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìlú àwọn kì í ṣọdún nínú ọdún. Ẹni tó bá ń ṣètò àbẹ̀wò kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ọdún Ọlọ́jọ́, tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, ni Ọọ̀ni máa ń dé adé Àáre. Ṣáájú rẹ̀ ni ó máa ń wọ ìpèbí, tí a kì í rí i. Ọjọ́ Ọlọ́jọ́ dára fún ẹni tó fẹ́ rí ọdún, ó sì burú fún ẹni tó fẹ́ rí mùsíọ́mù, nítorí Ẹnuwá kún fún èrò débi pé bọ́ọ̀sì kò lè kọjá. Ọdún Ẹdì, tó jẹ mọ́ Mọ́remí, ní àwọn ọjọ́ tó ní èèwọ̀ tirẹ̀. Oṣù Kẹfà ni ọdún Ifá àgbáyé ní Òkè Ìtasẹ̀. Kí olùṣètò bi ẹmẹsẹ̀ tàbí àmọ̀nà ọmọ ìlú léèrè nípa ọjọ́ tó yàn, pàápàá bí obìnrin bá wà nínú àwọn àlejò rẹ̀, nítorí àwọn ètùtù kan wà tí obìnrin kì í rí.

Ojú ọjọ́ rọrùn láti ṣírò. Òjò ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹrin sí Ìkẹwàá, ẹ̀ẹ̀rùn sì gba ìyókù. Yàrà máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò.

Kókó inú orí yìí

Ìdúró ọjọ́ kan jẹ́ àbẹ̀wò tí wákàtí ìpadà rẹ̀ ti di mímọ̀. A ń ṣírò rẹ̀ láti ẹ̀yìn: a yọ ìrìn àlọ, ìrìn àbọ̀ àti àkókò àfipamọ́ kúrò kí a tó yan ibi kankan. Iyẹ̀pẹ̀ ni odi Ifẹ̀, àmọ̀nà ló ń fi í hàn. Àwọn ibi tó súnmọ́ Ẹnuwá ló bá wákàtí 4 mu. Ibi tó gba ìyọ̀ǹda ló ń ṣáájú, oúnjẹ ló ń kẹ́yìn. Ojúbọ Ifẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ni ín ló ń pàṣẹ níbẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àkókò ìdúró àti àkókò lílò. Fi àpẹẹrẹ kan tí kò sí nínú orí yìí gbè é lẹ́sẹ̀.

2. Báwo ni odi àti yàrà ṣe jẹ́ iṣẹ́ kan náà ní ilẹ̀ Yorùbá? Ya àwòrán rẹ̀, kí o sì kọ orúkọ apá kọ̀ọ̀kan sí i.

3. Àwọn àlejò kan fẹ́ kúrò ní Òṣogbo ní aago 9 àárọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ padà ní aago 3 ọ̀sán. Àlọ gba wákàtí 1, àbọ̀ gba wákàtí 1, àkókò àfipamọ́ jẹ́ ìṣẹ́jú 45. Ṣírò àkókò lílò wọn, kí o sì yan ibi mẹ́ta tí wọ́n lè dé. Sọ ìdí tí o fi yọ àwọn ìyókù.

4. Kí ló dé tí àbẹ̀wò láti Àpápá sí Ilé-Ifẹ̀ kò fi ṣeé ṣe nínú àpẹẹrẹ kejì? Ọkọ̀ náà ì bá ní láti dúró fún wákàtí mélòó kí ó tó ṣeé ṣe, bí a bá fẹ́ wákàtí 4 ní Ifẹ̀ àti wákàtí 2 fún àkókò àfipamọ́?

5. Babaláwo kan láti Kúbà àti ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama láti Ìbàdàn fẹ́ wá sí Ifẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kọ ètò méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn, kí o sì ṣàlàyé ibi tí wọ́n ti yàtọ̀.

6. *Iṣẹ́ ìta.* Pẹ̀lú ẹgbẹ́ ènìyàn mẹ́rin, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn láti Ẹnuwá dé Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, kí ẹ sì ti ibẹ̀ dé Ìta Yemòó. Ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ìrìn kọ̀ọ̀kan gbà sílẹ̀, ẹ sàmì sí ibi tí àgbàlagbà lè jókòó àti ibi tí omi wà. Ẹ lo iye ìṣẹ́jú yín láti tún ètò 7.5 ṣe, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.